Ta Ló Pa Akọ̀wé Báńkì?

Aránṣọ kan jókòó nídìí máṣíìnì rẹ̀, ó tẹ́ ìwé ìtàn ọ̀daràn tuntun lé orí aṣọ oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dúró kí wọ́n ká etí sòkòtò òun, wo ẹ̀yìn ìwé náà, ó sì yọ ṣùtì.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì yẹn náà ni?"

"Òun ni, bọ̀ọ̀dá. Ti ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ẹ jẹ́ n kà á díẹ̀, áyọ́ọ̀nù ò tíì gbóná."

"Ta ló tún kú?"

"Akọ̀wé báńkì. Inú ọgbà òdòdó ni wọ́n ti bá òkú ẹ̀."

"Ọdọọdún! Ìlú tí ò ju òpópónà kan lọ! Àwọn tó kù ò mọ̀nà ibùdókọ̀ ni?"

"Ìlú tó tòrò ni. Gbogbo wọn ló ń kí ara wọn."

"Wọ́n ń kí ara wọn pé ó dìgbóṣe! Gbọ́ ná, ta ló máa ń kọ́kọ́ rí òkú?"

"Ìyá Oníbúrẹ́dì."

"Ta ló máa ń mọ bí wọ́n ṣe pa á?"

"Ìyá Oníbúrẹ́dì náà ni."

"Tó bá jẹ́ àgọ́ tiwa ni, látinú ìwé àkọ́kọ́ ló ti wà látìmọ́lé!"

"Tó bá jẹ́ àgọ́ tiyín ni, òkú lẹ máa tì mọ́lé."

Aránṣọ dìde lọ wá òwú dúdú. Nígbà tó padà dé, ọlọ́pàá gbọn aṣọ rẹ̀ nù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ta sí i lára.

"Ó dáa, ta lo rò pé ó pa á?"

"Mi ò mọ̀, kò sì kàn mí."

"Kò kàn ọ́? Kí lo wá ń kà?"

Aránṣọ fi ìka há ojú ewé. "Ìyá Oníbúrẹ́dì àti Bàbá Onílẹ́tà ni tèmi. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń retí kí ọkùnrin yẹn lanu sọ̀rọ̀. Á gbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà, á gba búrẹ́dì, á ní oòrùn mú lónìí, á yí padà. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, ìwé yìí ni mò ń kà kí oorun tó gbé mi. Mo ní táwọn méjèèjì bá lè fẹ́ra, ayé ò tíì bàjẹ́ tán."

"Ìranù! Nígbà tó o lọ wá òwú dúdú, mo ti kà á."

"Kíákíá báyẹn?"

"Ibi tí ọ̀daràn ti jẹ́wọ́ ni mo ṣí. Ibẹ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tiwa."

"Àbájọ tí gbogbo èèyàn fi ń jẹ́wọ́ lágọ̀ọ́ yín, títí kan ẹni tó wá béèrè ọ̀nà."

Èyí wọ ọlọ́pàá lákínyẹmí ara. Ó dìde fùú.

"Dókítà ni!"

"Ó dáa."

"Mo ní dókítà ló pa akọ̀wé báńkì!"

"Mo gbọ́, bọ̀ọ̀dá. Ẹ ṣeun." Ó ṣí ojú ewé kejì.

"O ò tiẹ̀ bínú? Dókítà oníwà pẹ̀lẹ́ yẹn!"

"Ẹni tó bá níwà pẹ̀lẹ́ jù, òun náà ni lọ́dọọdún."

"Ṣé o rò pé irọ́ ni mò ń pa? Ojú gbogbo ìlú ló ti jẹ́wọ́! Bí Bàbá Onílẹ́tà ṣe ń fi òrùka sí ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́ báyìí ni dókítà bú sẹ́kún..."

Aránṣọ gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ìyàwó ta ni?"

Ọlọ́pàá wo òrùlé, ó wo ilẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Ojú aránṣọ pọ́n, inú rẹ̀ sì ń dùn, nítorí Ìyá Oníbúrẹ́dì àti Bàbá Onílẹ́tà kúkú fẹ́ra wọn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú túbọ̀ bí i. Ó pa ìwé dé.

"Bọ̀ọ̀dá, gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi wọṣọ ìjọba, ẹ ò tú àṣírí ẹnì kan rí. Ẹ wá fẹ̀yìn tì tán, ìgbéyàwó tí mo ti ń retí láti ìgbà ọmọge lẹ wá rí tú!"