Ìdọ̀bálẹ̀ tí Àdìó Fẹ́ Gbà Padà

Ẹjọ́ tó dé iwájú Baálẹ̀ wa ní Mówè lánàá, bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀rín ni ǹ bá fi dá a. Àdìó bíríkìlà ló pe Mùsáfírù awakọ̀ típà lẹ́jọ́. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

"Baálẹ̀, ẹ gbà mí. Àtìgbà tí Mùsáfírù ti kó délé wa ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀. Mo rí àmì dúdú-dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, irú tàwọn bàbá arúgbó, mo ní ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe dé láti Àgbàdo, tó ní ọdún tí ogun Bìáfúrà bẹ̀rẹ̀ lòun bí i. Ọdún òmìnira ni wọ́n bí èmi. Mo fẹ́ gba ìdọ̀bálẹ̀ mi padà."

"Mùsáfírù, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baálẹ̀. Mi ò sọ fún un rí pé mo jù ú lọ. Ọwọ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò kàn fẹ́ já irọ́ ọwọ́ mi ni."

"Kí ló kó àmì sí i?"

"Oòrùn ni. Ọwọ́ òsì ló máa ń wà lójú wíńdò láti Ìbàfò títí dé Ìfọ̀. Ẹ wo ọ̀tún."

Ọwọ́ ọ̀tún ń dán bíi tọmọ tuntun.

"Irọ́ ni," ni Olóyè Ọ̀tún tó jókòó ti Baálẹ̀ wí. "Ọjọ́ orí ló ń fà á." Ó rọra ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ abẹ́ agbádá.

Wọ́n pe ìyá Mùsáfírù.

"Mo bí i mọ́ ọn ni."

"Ìyá, kì í ṣe oòrùn?"

"Oòrùn ni. Ọ̀sán gangan ni mo bí i."

Ọmọ́títí ìyàwó Mùsáfírù ní, "Ó sọ fún mi pé epo ló ta sí òun lọ́wọ́ níbi tóun ti ń dín àkàrà fún mi."

"Ó ti dín àkàrà fún ọ rí?"

"Rárá o."

Baálẹ̀ wúkọ́.

"Ọwọ́ òsì Mùsáfírù ti dàgbà. Ìyókù ara rẹ̀, àbúrò Àdìó ni. Mùsáfírù, wàá máa dọ̀bálẹ̀ fún Àdìó láràárọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Nà án sókè. Àdìó, wàá kí ọwọ́ náà tán kí àbúrò rẹ tó dìde."

Mo gba iwájú ilé wọn kọjá láàárọ̀ yìí. Mùsáfírù wà nílẹ̀ gbalaja, ọwọ́ kan lókè. Àdìó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọwọ́ ọ̀hún, ó ń rọra béèrè bí ara ṣe jí, bí oorun ṣe rí, bí gbogbo ará ilé ṣe wà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ọ̀nà Ọ̀fàdà, kò tíì kí i tán.