Omi Ìsápá Lára Jalabíà Hakeem

Gbogbo àdúgbò Ilare ló ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n Hakeem nìkan ló ń gbà á fún aráyé gbọ́. Bí oòrùn bá ti là, á jókòó síwájú ilé, á máa tutọ́ kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀ pé òun kò gbé itọ́ mì. Kò dé Mẹ́kà rí o, àmọ́ Àlàájì ni ẹ gbọ́dọ̀ máa pè é.

Lọ́jọ́ yìí, àwọn àgbà mọ́sáláṣí ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì láti fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ àsálátù àdúgbò. Ó ti wọ jalabíà funfun báláú. Òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó ní kí òun kàn ṣí fíríìjì, kí òun fojú rí omi lásán. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ìgò omi ìsápá, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní sóbò. Hàjàrá ìyàwó rẹ̀, tíṣà sáyẹ́ǹsì, ló sè é fún ẹ̀kọ́ ọ̀la.

"Àlàájì, ẹ má fọwọ́ kàn án," ó ti kìlọ̀ láàárọ̀. "Bí nǹkan kíkan bá kàn án, á pupa fòò. Bí ọṣẹ tàbí omi eérú bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ti ewé."

Ta ló ń gbọ́ tìyàwó? Hakeem gbé ìgò sẹ́nu, gọ̀ọ́-gọ̀ọ́-gọ̀ọ́! Ìyókù dà sí i láyà.

Ó mú bébà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí tábìlì, ó fi nu ẹnu. Bébà di pupa! Ó mú òmíràn. Òun náà pupa.

"Yéè! Ètè mi ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Kò mọ̀ pé bébà tí Hàjàrá fi ń dá nǹkan kíkan mọ̀ ni, omi ìsápá sì kan. Ó sáré mú ọṣẹ, ó gbo àyà aṣọ. Pupa lọ lóòótọ́. Àwọ̀ ewé ló gbapò, ó fẹ̀ bí ewé kókò.

"Àsàlámù àlékùn!" Àwọn àgbà ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Hakeem, kí ló ṣe àyà rẹ?" Ààfáà Akínkúnlé, olórí wọn, bi í bó ṣe ń jókòó.

"Ọ̀dà ni, Ààfáà. Mo ń kun géètì. Tààwẹ̀tààwẹ̀!"

"Dúdú ni mo rí lára géètì rẹ."

"Ọ̀túnla ni mo máa kùn ún."

Hàjàrá wọlé. Ó wo ìgò òfìfo, ó wo bébà, ó wo àyà ọkọ rẹ̀. Ó la ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ó fún un sí ojú ibẹ̀. Kíá, àwọ̀ ewé padà di pupa.

"Sùbúhánálláhì!" Hakeem pariwo. "Iṣẹ́ ìyanu!"

"Iṣẹ́ ìsápá ni," Hàjàrá ní. "Ẹ yọ ahọ́n síta kí Ààfáà wò ó."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ọjọ́ yẹn ni Hakeem kọ́kọ́ pa ẹnu dé.

Ààfáà dìde. "Ó dáa. Ilé ẹnì kejì tí a dárúkọ ni a ó gbé ipò náà lọ."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Hàjàrá ọmọ mi, bá mi wá ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i. Mi ò fẹ́ ká dé ọ̀hún lọ́wọ́ òfo."