Aláǹtakùn Inú Gírìlì Láníyọnu

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, torí ìtàn yìí kì í jẹ́ kí n lè jókòó.

Láníyọnu ará Ìlá ló fà á. Ó fẹ́ fẹ́ Àrínọlá, ọmọ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ọmọ ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé, kóun wá wò ó bóyá ọmọ òun á rí jẹ nílé ọkùnrin náà kóun tó gbà. Láníyọnu bá fọ́nnu: "Ẹ má jẹun wá o, Bàbá. Gírìlì gáàsì ni màá fi sun odindi adìyẹ fún yín."

Gírìlì ọ̀hún, ọdún kan gbáko ló fi wà lẹ́yìn ilé. Kò tàn án rí, ó kàn ń fi í han àlejò ni.

Ọjọ́ pé, ó tan iná. Kàkà kó jó búlúù, pupa ló jó, ó ń rú èéfín, apá kan ò tiẹ̀ ràn rárá. Ó pariwo: "Gáàsì ayédèrú ni wọ́n tà fún mi!" Ó sáré lọ pààrọ̀ ṣílíńdà. Pupa náà ni.

"Rọ́bà tó ń gbé gáàsì wá ló ń jò!"

Àrínọlá, tó ti wá bá a se oúnjẹ láti àárọ̀, fi omi ọṣẹ pa rọ́bà, kò hó, kò jò nìyẹn. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká tú páìpù inú ẹ̀ wò."

"Inú ẹ̀ kẹ̀? Atẹ́gùn ni! Igi máńgò ilé kejì yẹn ló ń fẹ́ ẹ wá!"

Ó fi ẹní dí atẹ́gùn, ẹní gbiná. Ó da omi sí ẹní, iná gírìlì kú. Ó dé e lómọrí, kò rántí pa gáàsì. Nígbà tó tún ṣí i tó ṣáná sí i, ó dún bùú! Irun ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, bí Bàbá ṣe ń wọlé bọ̀ gẹ́lẹ́.

Bàbá wò ó títí. "Àrínọlá, ta nìyí?"

"Òun náà ni, sà."

Ebi ń pa Bàbá. Láníyọnu sáré gbé obì wá. Bàbá pa á, kòkòrò yọjú.

Láníyọnu fò dìde. "Ìyá tó tà á ni! Àbí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀!"

"Jókòó! Níbo ni kòkòrò yìí wà?"

"Inú obì, sà."

"O ti wo inú gírìlì ẹ?"

Àrínọlá ti pa gáàsì, ó ti ń tú páìpù. Ó ti ìgbálẹ̀ ẹyọ kan bọ̀ ọ́, aláǹtakùn tó dí ọ̀nà gáàsì jáde tòun tọmọ tilé, bí ayálégbé tí wọ́n lé. Wọ́n dá a padà, wọ́n tan iná, ó jó búlúù rokoṣo.

Bàbá jẹ adìyẹ, ó lá ìka. Ó ní, "Mo fún ọ lọ́mọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́, kó o tó jáde lọ pariwo, kọ́kọ́ bi ẹni tó wà nínú ilé."

Ọkọ ìyàwó ò nírun ojú nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní, "Atẹ́gùn…" Àrínọlá á wò ó. Á ṣe gẹ̀ẹ́ lọ́nà ọ̀fun, á ní, "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà."