Òfin Kéèkì Láàfin Onírèké

Kóo! Kóo! Kóo!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Ìrèké, tọkùnrin tobìnrin, ẹ̀yin tí ẹ ń rokà lọ́wọ́, ẹ gbé orógùn sílẹ̀! Ẹnu Kábíyèsí Onírèké ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, kì í ṣe ẹnu èmi Àjàgbé. Tó bá rí yín lára, ẹ gba ààfin lọ. Ẹ má wá sílé mi o!

Màmá Àwẹ̀ró, ìyá Kábíyèsí, yóò pé àádọ́rùn-ún ọdún ní Sátidé. Ẹ kú oríire! Màmá ní kí wọ́n má pa màlúù fún àwọn. Kéèkì làwọn fẹ́. Kó rọ̀, torí kò sí eyín lẹ́nu àwọn mọ́. Kó sì jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ àwọn ló ṣe é.

Ni ẹnì kan bá ra ààrò kékeré tó ń lo iná mànàmáná, ó gbé e sínú ààfin. Ta ni ẹni náà? N kò ní dárúkọ. Ẹni náà dé adé. Ẹ má bi mí mọ́!

Ẹni náà wo fóònù, kó lè dán an wò kí Sátidé tó dé. Wọ́n ní téèyàn ò bá ní èyí, kó fi tọ̀hún dípò. Ha! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dípò! Kò sí fúláwà, ó fi láfún. Kò sí bọ́tà, ó fi epo pupa. Kò sí páúdà tó ń mú kéèkì wú, ó fi káún! Káún, ẹ̀yin èèyàn! Káún tí a fi ń se ẹ̀wà! Kéèkì jáde, ó pọ́n, ó le, ó ń rùn bí ọṣẹ.

Àwọn ìjòyè jẹ ẹ́. Ẹ sì mọ àṣà wa, a kì í sọ pé oúnjẹ ọba kò dùn. Ọ̀tún ní ó dùn. Òsì ní ó dùn ju oyin lọ. Balógun tí kò bẹ̀rù ìbọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n fi kún un! Èmi náà jẹ níbẹ̀, mo kan sáárá, eyín iwájú mi ń mì.

Kábíyèsí fi ìdùnnú gbé e tọ Màmá lọ. Màmá fi èrìgì tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù. Wọ́n bi í pé ta ló ń kọ́lé, tí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù wá fún àwọn. Kábíyèsí wolẹ̀. Àwọn ìjòyè ń wo òrùlé.

Nítorí náà, òfin dé! Òfin dé o!

Òfin kìíní! Láfún kì í ṣe fúláwà! Mo tún un wí, láfún kì í ṣe fúláwà! Ẹni tó bá fi láfún ṣe kéèkì, òun nìkan ni yóò jẹ ẹ́ tán láàárín ọjà, láìmu omi.

Òfin kejì! Kí káún máa bá ẹ̀wà lọ. A ti lé e kúrò nídìí kéèkì títí ayé.

Òfin kẹta! Ẹni tí kò bá lẹ́yin, kó gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, ìdajì ọ̀kan dípò ẹyin kan. Òfin gba èyí. Ẹni tí kò ní bọ́tà, kó lo òróró. Òfin gba èyí náà. Òfin kò gba epo pupa! Ẹni tó bá dán an wò, aṣọ funfun rẹ̀ la ó fi nu agolo tó fi ṣe kéèkì.

Òfin kẹrin! Ẹ jẹ́ kí ààrò kọ́kọ́ gbóná. Tí kéèkì bá ti wọlé, ẹ má ṣí i kiri, kó má baà rì! Ẹni tí n kò dárúkọ yẹn ṣí i, ó tún ṣí i, ìlẹ̀kẹ̀ kan já bọ́ sínú ẹ̀. Ẹni tọ́wọ́ bá ń yún, a ó dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn títí kéèkì yóò fi jinná. Tó bá ti wú, tó pọ́n lójú, ẹ fi igi ìgbálẹ̀ tó mọ́ gún un láàárín. Bí nǹkan ò bá lẹ̀ mọ́ igi, ó ti jinná nìyẹn.

Òfin karùn-ún! Iná lọ? Kò sí wàhálà. Ìkòkò ńlá, yanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀, agolo kéèkì lórí yanrìn, ọmọrí lórí ìkòkò, iná jẹ́jẹ́. Ìyá Fọláṣayọ̀ ẹlẹ́ja ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tu tiẹ̀ rí.

Òfin kẹfà! Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ má sá! Láti òní lọ, ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ọba tí kò dùn, tó ní ó dùn, fìlà oyè kúrò lórí rẹ̀!

Kábíyèsí ní kí n má ṣẹ̀fẹ̀ níbi tó kù yìí. Ó ní ẹni tó bá mọ kéèkì ṣe, kó wá kọ́ òun láàárọ̀ ọ̀la, ì báà jẹ́ àlejò. Òun yóò bọ́ adé, òun yóò ká apá aṣọ sókè. Olùkọ́ òun kò ní kúnlẹ̀, kò ní dọ̀bálẹ̀. Tí òun bá ṣe é ṣì, kó sọ ọ́ lójú òun. Ó ní nígbà tí òun kò tíì léyín, ẹnu ìyá òun ni wọ́n fi ń rún ẹran fún òun. Wàyí o, ó ti kan òun.

Mo ti jíṣẹ́ ọba, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹni tó gbọ́ kó sọ fún ẹni tó sùn.

Kóo!