Ohun tí Nei Tarema Bá Nínú Ọgbà Òkúta Rẹ̀

Ẹjọ́ kan dé iwájú àwọn àgbà lánàá, ẹ̀gbẹ́ ṣì ń dùn mí nítorí ẹ̀rín. Nei Tarema, opó kan ní erékùṣù wa, ló wọ́ Ten Bauro, aládùúgbò rẹ̀, wọ inú maneaba, gbọ̀ngàn ìpàdé wa, níbi tí àwọn àgbà jókòó sí lórí ẹní. Aṣọ ìdí ọkùnrin náà ṣì ń kán omi tótó, apẹ̀rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ten Nakibae, olórí àwọn àgbà, ní, "Tarema, kí ló dé?"

"Bàbá, ọ̀la ni ọmọ ọmọ mi máa pé ọdún kan, mo sì ti pe gbogbo ayé. Mo jí lọ sí ọgbà òkúta tí ọkọ mi tò sínú ọ̀sà kó tó kú, pé omi ti fà, kí n lọ kó ẹja tó há. Ẹja kan ṣoṣo ò sí! Bauro ni mo bá níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín òkúta!"

"Bauro, kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò wá o, Bàbá! Mo ń wẹ̀ jẹ́jẹ́ mi létí omi ni omi bá kún, ló bá gbé mi, ó di gbàgà, inú ọgbà! Ẹja tó gbọ́n jù mí lọ ò rọ́nà jáde níbẹ̀, ká má tíì wá sọ èmi."

"Apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Omi ló gbé òun náà."

Ten Biribo tó ń dá ẹmu fò dìde. "Irọ́ ni! Orí igi àgbọn ni mo wà. Ó ru apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ sílé, ó tún padà wá. Ó tiẹ̀ ń gbe orin tí mò ń kọ!"

"Èmi kẹ̀? Orin tó ti yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀!"

Ìyàwó Bauro náà bọ́ síta. "Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá. Ọkọ mi ò jáde rárá. Ẹ̀gbẹ́ mi ló sùn sí títí mo fi yan ẹja tó gbé dé tán."

Bauro bojú.

Ten Nakibae wúkọ́. "Bauro, o ò rìn wọ ọgbà?"

"Láéláé! Omi ni."

"Omi fà, o sì há síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó tán. Bauro kì í ṣe olè."

Bauro pàtẹ́wọ́, ó fẹ́ máa jó.

"Ṣùgbọ́n ohun tí omi bá gbé wọ ọgbà, tó há síbẹ̀, ti ọlọ́gbà ni. Tarema, ẹja rẹ nìyí. Gbé e lọ sílé."

Tarema wò ó tẹsẹ̀ torí. "Ṣé kí n yan án ni, àbí kí n sá a?"

"Iyọ̀ ò ní tó o!" ni ìyá arúgbó kan pariwo.

Bauro dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ gbà mí! Olè ni mí! Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn wọ ọgbà! Biribo rí mi, olóòótọ́ ni, ohùn rẹ̀ dùn!"

"Ó ti pẹ́ jù, ọmọ mi. A ti dá ọ láre."

Ìyàwó rẹ̀ sáré kó gbogbo ẹja yíyan wá fi bẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà gba ẹja, wọ́n ní Bauro ṣì máa dé ibi àsè. Bó ṣe di òní nìyẹn tí a tẹ́ ewé àgbọn, tí a tẹ́ Bauro lé e láàárín kókò àti ẹja. Ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí, tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó rá lọ bá a, ó di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó sì gé imú rẹ̀ jẹ.