Ilá Ogún Nínú Kọ̀ǹpútà

Lọ́dún 1979, nígbà tí Bámidélé ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì, Àlàájì Àkíbù, télọ̀ ará Ìgèdè, yọjú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó wá wo irú iṣẹ́ tí ẹni tó fẹ́ fẹ́ Mọ̀dínátù ọmọ òun ń ṣe. Bámidélé ti kọ́ ẹ̀rọ náà ní Yorùbá, kó lè kí àna rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí omi inú àmù.

"Bàbá, ẹ jókòó. Bí mo bá tẹ orúkọ yín, ẹ̀rọ á kí yín."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ kọ: ASISE.

"Ó ní a ṣiṣẹ́!" Bàbá pàtẹ́wọ́. "Kí la ṣe?"

"Àṣìṣe ni, sà."

"Àṣìṣe ta ni?"

"Ẹ jẹ́ n wò ó ná."

Òógùn bo Bámidélé. Ibi mẹ́ta ni nǹkan ti lè bàjẹ́ nínú àwọn ìlà àṣẹ tó kọ fún ẹ̀rọ náà, ASISE kan náà ló sì kọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo ló ń ké báyìí?

"Ọmọ mẹ́ta nínú ilé kan, gbogbo wọn ń jẹ́ Táíwò!" ó ń kùn. "Àfi kí n kọ ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, àti ohun tó ṣe é."

"Ilà kẹ̀? Ta lo fẹ́ kọ nílà?"

"Ìlà ni, sà, kì í ṣe ilà."

Ó tún un kọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dáhùn: ASISE ILA OGUN. ORUKO GUN JU.

"A ṣiṣẹ́ ilá ogún!" Bàbá fò dìde. "Ta ló kú? Ta ló ń pín ilá ogún?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà! Ìlà ogún lọ̀ràn wà. Ó ní orúkọ yín gùn jù."

"Ó gùn jù fún ta?"

"Bóyá ká yọ Àlàájì kúrò níbẹ̀…"

"Mo gun bàálù lọ gba Àlàájì ní Mẹ́kà, ìwọ fẹ́ fi ìka kan yọ ọ́?"

"Rárá o! Ààyè ni màá fẹ̀ sí i, sà."

Nígbà tí Bámidélé ti mọ ibi tó ń dun ẹ̀rọ náà, àtúnṣe rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Ẹ̀rọ kọ: E KU ISE, ALAAJI AKIBU.

Bàbá sún mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ le. "Ẹ kú ìṣẹ́? Ta ló sọ fún un pé mo tòṣì?"

"Ẹ kú iṣẹ́ ni, sà! Ẹ̀rọ yìí ni kò mọ àmì ohùn!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín títí fìlà fi yẹ̀ lórí rẹ̀. "Uṣẹ́ rẹ dára, o sì ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí bá wọn gbẹnu sọ o! Ọkọ ni Mọ̀dínátù ń wá. Bí èyí bá fi kọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ọkọ́ ni wọn yóò gbé wọlé fún un!"