Ẹní Tí Bàbá Láníyọnu Tẹ́ fún Òṣùwọ̀n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó gbé e dé ẹnu àwọn àgbà ìlú wa tí wọ́n fi ń pa á lówe pé, "Ẹní là á ká, a kì í lu òṣùwọ̀n"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ ni, ẹ sì ń mi orí bí ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀. Ẹ má sì bi mí pé àgbà ayé ọjọ́un wo ló rí òṣùwọ̀n tó ń tanná. Ta ló sọ fún yín pé òwe gbọ́dọ̀ hu ewú kó tó di òwe? Àgbà tí wọ́n torí rẹ̀ pa òwe yìí ṣì wà láàyè. Orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú.

Bàbá Láníyọnu lorúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kòkó ló ń wọ̀n fún ìjọba lágbègbè Ìkìrun, kò sì sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí oníṣòwò lè dá tí kò ní tú u. Àwọn kan á gbé òṣùwọ̀n lé orí àpò òfìfo, kí kòkó àgbẹ̀ lè fúyẹ́, kí wọ́n lè rẹ́ ẹ jẹ. Láti òkèèrè ni Bàbá á ti jágbe mọ́ wọn: "Gbé e kanlẹ̀, olè!" Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ búra.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, Ṣègilọlá, ìyá Tinúadé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, obìnrin yìí mọ iyán gún. Iyán rẹ̀ kì í ní kókó, ó máa ń fà bí irọ́ olóṣèlú ni. Bàbá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, ó jẹ ẹ́ lálẹ́. Ara gba iyán náà tayọ̀tayọ̀, orúnkún ni kò gbà á. Nígbà tó yá, tí Bàbá bá ti jókòó sórí àpótí, àfi kí ènìyàn méjì fà á dìde.

Ohun tó wá ń pa á lẹ́kún ni oko kòkó rẹ̀ tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín. Ó ti wọn kòkó olókòkó títí, èyí ni tirẹ̀. Kò lè gun òkè náà mọ́. Wọ́n wá ń sọ fún un pé àfòmọ́ ti bo orí igi, pé àwọn tó ń bá a tọ́jú ẹ̀ kò tọ́jú nǹkan kan. Kó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé oko yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Ó gba ọsibítù lọ. Dókítà Adétòún tẹ orúnkún náà síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ó ṣe é tún ṣe. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ọ̀bẹ kàn án báyìí. Kílò méjìlélọ́gọ́rùn-ún lẹ̀ ń wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká rí àádọ́rùn-ún ná. Ẹ wá òṣùwọ̀n tó ṣe é fọkàn tán sílé, kẹ́ ẹ máa gùn ún láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun."

"Iyán ńkọ́, Dókítà?"

"Iyán wo, Bàbá?"



Tinúadé, ọmọ wọn tó wà l'Ábẹ́òkúta, ló fi òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Gíláàsì ni, ó pẹlẹbẹ, ó ń dán gbinrin. Béèyàn bá ti gùn ún, nọ́ńbà á tàn lójú rẹ̀. Bàbá gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ìyá Tinú ní, "Ilé ìwẹ̀ ni mo gbọ́ pé wọ́n máa ń gbé e sí."

"Ilé ìwẹ̀ kẹ̀? Kí ọmọ mi ra irú èyí, kí n wá fi í sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànrìnkàn? Ṣègi, ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn?"

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Lágboolé ti Bàbá, ohun tuntun tó bá níyì, àlejò ni. Ìyá tó bí i lọ́mọ máa ń sọ pé bí àlejò bá jókòó sílẹ̀ lásán, onílé ló rí i fín. Bàbá bá lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ẹní òyìnbó kan jáde, rọ́ọ̀gì pupa onírun tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ó nípọn tó fi jẹ́ pé béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á rì. Ó tẹ́ ẹ sáàárín pálọ̀, ó gbé òṣùwọ̀n lé e láàárín gbùngbùn. Ó tún bọ́ aṣọ funfun orí tẹlifíṣọ̀n, ó fi bò ó nítorí eruku.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí aṣọ, ó gùn ún. Ariwo ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Tinú! Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún! Ìrìn àlọ àtàbọ̀ ọsibítù yẹn nìkan ti gbé kílò mẹ́fà lọ!"

Nígbà tó tún gùn ún, ó wálẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tó fi di mẹ́tàléláàdọ́rùn-ún. Bàbá jókòó, ó na ẹsẹ̀ olóríburúkú náà síwájú, ó ní ẹni bá ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹun, kí wọ́n gún iyán wá.

"Àbí dókítà ò ní kẹ́ ẹ…"

"Dókítà ò rí ohun tí mo rí. Gún un, jọ̀ọ́."

Ìyá Tinú gún un. Bàbá jẹ ẹ́ tọbẹ̀ tọbẹ̀, ó sùn, ó jí, ó gun òṣùwọ̀n. Mọ́kànléláàdọ́rùn-ún! Bàbá ní iyán gan-an ló ń gbé ọ̀rá lọ! Láti ọjọ́ náà, iyán di oògùn. Ìyá Tinú pàkíyèsí pé bọ́tìnnì ṣòkòtò ọkọ òun kò dé ibi ihò mọ́, ó sì sọ ọ́. Bàbá ní ọṣẹ ayé ìsinsìnyí ló ń sún aṣọ kì.

Nígbà tí ọjọ́ ọsibítù pé, Bàbá wọ agbádá lọ bí ọkọ ìyàwó. Nọ́ọ̀sì ní kó gun òṣùwọ̀n. Ó gùn ún. Mẹ́rìndínláàdọ́fà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní agbádá ni, ó bọ́ ọ. Ó bọ́ fìlà, ó bọ́ bàtà, ó yọ aago ọwọ́. Ó fẹ́ máa tú ṣòkòtò nígbà tí nọ́ọ̀sì figbe ta.

Dókítà wo nọ́ńbà náà, ó wo Bàbá. "Bàbá, kí lẹ jẹ?"

Bàbá ń bọ̀ nílé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀ o, ẹkún gidi ni. Òkè oko rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò ó látojú fèrèsé ọkọ̀, ó dà bíi pé òkè náà tún ga sí i.

Òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ bínú sí. Ó ní onígíláàsì yẹn, ẹwà lásán ni. Ó lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ Rájì tó ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó ní kó kó gbogbo èyí tó ní sílẹ̀ fóun. Rájì tò wọ́n sórí sìmẹ́ńtì. Bàbá ń gùn wọ́n lọ níkọ̀ọ̀kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan: mẹ́rìndínláàdọ́fà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n ó rí i pé olóòótọ́ ni wọ́n. Ó mú èyí tí ara rẹ̀ le jù, onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.

Nígbà tó gbé e délé, ṣé ó yẹ kí àlejò kejì jókòó sílẹ̀ nígbà tí àkọ́kọ́ wà lórí ẹní? Ó gbé e tì í. Ó gùn ún. Mẹ́rìnléláàdọ́rùn-ún.

Bàbá dúró lórí rẹ̀ títí iná rẹ̀ fi kú.

Ó gbé e padà tọ Rájì lọ. Wọ́n gbé e sórí sìmẹ́ńtì, ó tún di mẹ́rìndínláàdọ́fà. Rájì fọwọ́ gbá a ní pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ara òṣùwọ̀n yìí le koko. Ẹ lọ wo ilé yín."

Bóyá àwàdà ni Rájì ń ṣe, bóyá kì í ṣe àwàdà, ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá lára. Ó tún ra ẹ̀kẹta lé e. Àlejò di mẹ́ta lórí ẹní. Onígíláàsì ń sọ tirẹ̀, onírin ń sọ tirẹ̀, ẹ̀kẹta tiẹ̀ máa ń sọ ohun méjì láàárín ìṣẹ́jú kan. Bàbá ní òun yóò fi ohun tí gbogbo ayé mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán wọn wò. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àpò sìmẹ́ńtì kan wá látọ̀dọ̀ Lásúnkànmí, oníṣòwò ìtòsí. Àádọ́ta kílò ni àpò sìmẹ́ńtì. Wọ́n bá a gbé e lé ti onírin: mẹ́tàlélógójì.

Háà! Inú Bàbá dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ojú ti ń pọ́n ọn. Ó ti rí olè. Ó tiro dé ìta Lásúnkànmí, ó sì jágbe bíi ti àtijọ́.

"Lásún! O ti ń bu sìmẹ́ńtì inú àpò! Olè!"

Èrò pé jọ. Lásúnkànmí dọ̀bálẹ̀ ná, kó tó dìde. Ó ní kí wọ́n gbé àpò náà wá, ó gbé e lé òṣùwọ̀n ńlá tirẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àádọ́ta géérégé.

"Bàbá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ gba bàbá mi lọ́wọ́ àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ wọn jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́."

Bàbá bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ èrò. Ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ búra, òun ló ń ká fìlà mọ́wọ́ láàárín ìta yẹn, tó ń wá ilẹ̀ tí yóò lanu. Ilẹ̀ ò sì lanu.

Ó délé, ó jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ṣègi, nǹkan ń jẹ mí nínú ilé yìí. Lóde, mo wúwo. Nínú pálọ̀ ara mi, mo fúyẹ́. Ta ló ń gbé ìyókù?" Ó wá tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o, Bàbá Tinú. Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀rá yín ṣe?"

"Bí mo bá kú, kí wọ́n bá mi já àfòmọ́ orí kòkó yẹn. N kò tọrọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Bó ti ń sọ ọ́ ni ìbínú gbé e dìde láìsí ẹni tó fà á. Ọmọ odó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kì í mọ́lẹ̀. Ọmọ odó tó ti gún gbogbo iyán ilé yẹn ló gbé sókè, gbòlà! ti onírin tẹ̀ kòrókòró. Gbòlà! ẹ̀kẹta fọ́ yángá, ike rẹ̀ àti òkúta iná rẹ̀ fọ́n ká sáàárín irun rọ́ọ̀gì. Ó tún gbé e sókè fún ti onígíláàsì.

"Èyí tí ọmọ mi rà kọ́!" Ìyá Tinú já a gbà lábẹ́ ọmọ odó, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ó ká rọ́ọ̀gì náà, ó gbé e síta láti lọ gbọn àfọ́kù inú rẹ̀ dànù, ó ń ráhùn lọ.

Ó wá ku Bàbá nìkan pẹ̀lú onígíláàsì. Ó wò ó, ó ní, "Ìwọ náà, purọ́ ìkẹyìn fún mi." Ó gùn ún.

Mẹ́rìndínláàdọ́fà.

"Ṣègi! Ó ti sọ òótọ́! Ọmọ odó ti dẹ́rù bà á!"

Ìyá Tinú wọlé, ẹní kíká wà lábíyá rẹ̀. Ó wo nọ́ńbà. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ohun tó wà lábíyá rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní náà padà, ó gbé òṣùwọ̀n lé e, ó ní kí ọkọ òun gùn ún. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ká ẹní, ó gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀. Mẹ́rìndínláàdọ́fà. Bàbá ṣì dúró lórí rẹ̀ nígbà tí ohùn kan pariwo nínú orí rẹ̀, ohùn ara rẹ̀ láti ayé ọjọ́un: *Gbé e kanlẹ̀, olè!*

Ó bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì lásán ilẹ̀ ibẹ̀, òun tí kò lè dá dìde.

"Èmi Láníyọnu," ó ní. "Gbogbo àgbẹ̀ Ìkìrun, kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ lójú mi. Èmi ni mo wá tẹ́ ẹní, tí mo ń rẹ́ ara mi jẹ."

Ìyá Tinú jókòó tì í. Àánú rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n nínú. Ó wo àfọ́kù òṣùwọ̀n méjì, ó wo ọmọ odó, ó wo rọ́ọ̀gì.

"Bàbá Tinú," ó ní, "ẹní là á ká, a kì í lu òṣùwọ̀n."

Lásúnkànmí, tó wá bẹ Bàbá wò, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti kárí ìlú.

Ẹ ó bi mí léèrè orúnkún. Wọn ò tíì ṣe é. Ọmọ odó ti dàwátì nílé yẹn, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí Ìyá Tinú gbé e sí. Bàbá ń jẹ ẹ̀fọ́, ó ń wo òkè oko rẹ̀ látojú fèrèsé. Àfòmọ́ ò dúró dè é. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, lórí ilẹ̀ lásán nílé ìwẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànrìnkàn, òṣùwọ̀n kọ márùndínláàdọ́fà fún un. Kílò kan péré. Bàbá pariwo pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Nítorí náà, bí ọmọ bá gbòdo nílé ìwé tí o sì fẹ́ lọ bá olùkọ́ jà, bí o bá wo dígí tí ojú rẹ ò wù ọ́ tí o sì ń wá òkúta, rọra. Bojú wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹní là á ká, a kì í lu òṣùwọ̀n.